Òfin Kìíní Lórí Omi

Ẹ mú ìwé òfin bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, ẹ ṣí i. Òfin kìíní níbẹ̀ ń sọ nípa pápá: bó ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó, bó ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó, irú ilà tí wọ́n gbọ́dọ̀ fà sí i. Ó bójú mu. Ibi tí eré máa ti wáyé ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mú ìwé òfin eré ìje ọkọ̀ ìgbòkun, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi tó jẹ́ pé aṣọ àti afẹ́fẹ́ ló ń gbé e rìn, òfin kìíní tí ẹ máa bá pàdé kò sọ nǹkan kan nípa omi, kò sì tíì dé orí bí èèyàn ṣe ń borí. Tí mo bá fi ẹnu ara mi sọ ọ́, ohun tó sọ ni pé ọkọ̀ tó bá ń díje, àti ẹni tó wà nínú rẹ̀, gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo ìrànlọ́wọ́ tó bá wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tàbí ọkọ̀ yòówù tó bá wà nínú ewu. Ẹnikẹ́ni o. Kò dìgbà tó bá jẹ́ ẹni tí ẹ jọ ń díje. Apẹja ni o, ẹni tó kàn ń fi ọkọ̀ najú ni o, òfin ò yà wọ́n sọ́tọ̀.

Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó dáa kéèyàn ṣe é. Gbọ́dọ̀ ni wọ́n lò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, irú èyí tí àwọn ẹgbẹ́ máa ń kọ síwájú ìwé wọn kí wọ́n lè dà bí ọmọlúàbí. Ìgbà tí mo fojú ara mi rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo tó mọ̀ pé òfin mìíràn wà lẹ́yìn nínú ìwé kan náà, tó ń ti òfin kìíní yìí lẹ́yìn kó má baà ṣubú. Òfin ẹ̀yìn yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí òun ló fa àríyànjiyàn láàárín èmi àti bọ̀dá mi, tí a ò sì tíì parí rẹ̀ tán.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni wá. Bàbá wa fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ẹbúté Èrò fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ẹ́ńjìnì tó gba gbogbo ọ̀sà. Tí afẹ́fẹ́ bá dáa, wọn kì í fi àjẹ̀ pa ara wọn. Wọ́n á na òpó, wọ́n á ta ìgbòkun sí i, ìgbòkun tí wọ́n fi àpò ìyẹ̀fun rán pọ̀. Ẹ ṣì lè rí irú rẹ̀ lónìí. Tí ẹ bá há sínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ lórí afárá Third Mainland, ẹ wo ìsàlẹ̀: àwọn tó ń wa yanrìn ń bọ̀ láti àárín ọ̀sà, ìgbòkun wọn kún fún ábùlẹ̀, ọkọ̀ wọn rì dé etí. Ní Èkó kan náà, ẹgbẹ́ Lagos Yacht Club ti wà láti ọdún 1932, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ìgbòkun díje. Afẹ́fẹ́ kan náà ló ń fẹ́ fún awanrìn àti ọmọ ẹgbẹ́, àmọ́ ní gbogbo ìgbà tí mo fi gbé Èkó, mi ò mọ ẹnì kan ṣoṣo tó ti wọ ọgbà wọn rí. Eré olówó ni. Mo fẹ́ ká ti sọ ìyẹn tán kí n tó máa bọ́rọ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mi ò mọ̀.

Portsmouth, ní gúúsù Ìlú Ọba, ni eré náà ti bá mi. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá òyìnbó kan wà tí a jọ máa ń ṣe iṣẹ́ òru, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Gbogbo ibi iṣẹ́ ló ń pe ìyá yìí lórúkọ, àwọn fúnra wọn sì ní kí n máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti di Yorùbá, ẹnu mi ò gbà á. Màmá ni mo máa pè wọ́n níbí. Lóru ọjọ́ kan, Màmá bi mí bóyá mo lè lúwẹ̀ẹ́. Mo ní ọmọ ọ̀sà ni mí. Wọ́n tún bi mí pé kílò mélòó ni mo wọ̀n. Ẹ má bínú, ìbéèrè kejì yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Àṣé ẹni tí òun àti Màmá jọ ń wa ọkọ̀ ti kó lọ sí ìlú mìíràn, wọ́n wá ń wá ẹlòmíì tó wúwo tó láti jókòó sí etí ọkọ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà dojú rẹ̀ dé.

Bí mo ṣe di èrò ọkọ̀ ẹlẹ́ni-méjì nìyẹn, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lórí omi Langstone Harbour. Màmá ló ń di ìtọ́kọ̀ mú. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa fa okùn ìgbòkun kékeré tó wà níwájú, kí n sì máa na ara síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kí ìdí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi, títí ikùn á fi máa gbóná bíi pé wọ́n fi iná sí i.

Ẹni tí kò bá tíì wo eré yìí rí á rò pé ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá yá jù náà ló ń borí. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ọkọ̀ ìgbòkun tó lè kọjú sí afẹ́fẹ́ gan-an kó sì máa lọ tààrà. Tó bá dán an wò, ìgbòkun á kàn máa gbọ̀n, ọkọ̀ á dúró. Bẹ́ẹ̀, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ gan-an ni wọ́n máa ń gbé àmì àkọ́kọ́ sí. Èèyàn á wá máa rìn kọ́lọkọ̀lọ bí ejò, á gba ọ̀tún lọ díẹ̀, á yí, á gba òsì lọ díẹ̀, á tún yí. Ìgbà tó yẹ kéèyàn yí, ibẹ̀ lọgbọ́n wà. Ọ̀kan lè lọ sápá ọ̀tún ilẹ̀ omi, kó bá afẹ́fẹ́ tó dáa pàdé níbẹ̀, kó fi ìṣẹ́jú méjì gba iwájú gbogbo ẹni tó ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Màmá kì í wo ọkọ̀ àwọn èèyàn, àwọ̀ omi ni wọ́n máa ń wò. Níbi tó bá dúdú díẹ̀, tí ojú omi ń ṣe wẹ́lẹwẹ̀lẹ, afẹ́fẹ́ ti balẹ̀ síbẹ̀ nìyẹn. Bàbá wa náà máa ń wò ó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Màmá tí wọ́n dijú díẹ̀, tí wọ́n ń wo ọ̀kánkán, tí wọ́n ní "ó ń bọ̀", ara mi bù máṣọ.

Nínú irú eré tiwa yìí, kò sí rẹfirí lórí omi. Tí ọkọ̀ méjì bá fẹ́ pàdé, èyí tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ bá láti ọwọ́ ọ̀tún ló ni ọ̀nà, tọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ yà fún un. Ẹni tó bá ṣẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa yí ọkọ̀ rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì lójú gbogbo ayé kó tó máa bá eré lọ. Tí kò bá gbà pé òun jẹ̀bi, ẹni tó ṣẹ̀ á pariwo pé òun ta kò ó, wọ́n á sì dá ẹjọ́ náà lórí ilẹ̀ lẹ́yìn eré, pẹ̀lú tíì lọ́wọ́. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn ń yí po lóòótọ́. Mo rí àwọn tí kì í yí náà o, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ fún yín.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹsàn-án, afẹ́fẹ́ le ju bí wọ́n ṣe sọ lọ. A wà ní ipò kẹta, ibi tí a ò dé rí láti ìgbà tí mo ti wọ ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ kan lápá ọ̀tún wa bá dojú dé. Ìyẹn ò tuntun. Ọkọ̀ kéékèèké máa ń dojú dé bí ọmọdé ṣe ń ṣubú, wọ́n á gbé e dìde, wọ́n á máa lọ. Ṣùgbọ́n orí kan ṣoṣo ló yọ sókè, orí ọ̀hún sì ń pariwo orúkọ ẹnì kejì rẹ̀. Bóòtì àwọn adóòlà wà lápá ibòmíì lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń fa ọkọ̀ tí òpó rẹ̀ ti ṣẹ́. Màmá ò bi mí léèrè nǹkan kan. Wọ́n ti ìtọ́kọ̀, a yí bírí, mo bọ́ sómi kí ọkọ̀ tó dúró. Abẹ́ ìgbòkun ni ọmọ náà wà, okùn kan ti kọ́ ọ lẹ́yìn. Ọwọ́ ni mo fi ń wá a, torí omi ibẹ̀ ò mọ́. Nígbà tí mo fi rí jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì tó wà lọ́rùn rẹ̀ dì mú, mo fà á bí ẹni ń fa àpò gààrí. Ó jáde, ó wúkọ́, ó bì sí mi lára, ó ń sunkún. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni.

Nígbà tí bóòtì adóòlà fi dé láti gbà á lọ́wọ́ wa, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn wa ti kọjá. A fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀yìn.

Mo ti ń múra ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ nínú ọkàn mi. Mo rò pé wọ́n á pè wá síwájú, wọ́n á pàtẹ́wọ́, ẹnì kan á sunkún. Ilé wa lọ́hùn-ún, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ á ti di ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Màmá lọ gba fọ́ọ̀mù kan, wọ́n kọ nǹkan bí ìlà mẹ́rin sí i. Èèyàn mẹ́ta jókòó sídìí tábìlì. Wọ́n bi wá pé ipò wo la wà kí a tó yà. Wọ́n bi ẹni tó wà níwájú wa àti ẹni tó wà lẹ́yìn wa bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ká jáde, wọ́n tún ní ká wọlé. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Wọ́n kọ ọ́ sínú èsì: ipò kẹta. Ẹni tó ṣe kẹta lórí omi náà ṣì wà ní kẹta, kò pàdánù ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ẹnì kan bèèrè pé ta ló kù tó máa mu tíì.

Òfin ẹ̀yìn tí mo wí nìyẹn. Ẹni tí ìrànlọ́wọ́ tó ṣe fún ẹlòmíràn bá ba ipò rẹ̀ jẹ́, tí kì í sì í ṣe ẹ̀bi tirẹ̀, ó lè bèèrè kí ìgbìmọ̀ dá ohun tó pàdánù padà fún un. Wọn ò pè wá ní akọni. Wọ́n kàn san gbèsè.

Nígbà tí mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn irú rẹ̀ kiri. Èyí tí gbogbo àwọn eléré náà mọ̀ ni ti Lawrence Lemieux, ọmọ Kánádà. Ìdíje Òlíḿpíìkì ti Seoul ni, ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1988. Lórí omi Busan ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ìgbòkun díje. Lemieux dá wà nínú ọkọ̀ tirẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Finn, ó sì wà ní ipò kejì nínú eré ọjọ́ náà. Afẹ́fẹ́ ti di ìjì. Àwọn tó ń fi irú ọkọ̀ mìíràn díje wà nítòsí, ibẹ̀ ló ti rí ọkọ̀ àwọn ọmọ Singapore méjì tó ti dojú dé. Ọ̀kan di ara ọkọ̀ mú, omi ti ń gbé èkejì lọ. Lemieux yà kúrò lójú eré, ó fà wọ́n wọnú ọkọ̀ rẹ̀ tí kò ju ti ẹnì kan lọ, ó dúró tì wọ́n títí bóòtì àwọn ọmọ ogun orí omi Kòríà fi wá gbà wọ́n. Lẹ́yìn náà ló padà sẹ́nu eré. Ìgbìmọ̀ fún un ní ipò kejì tó wà kó tó yà. Ní àpapọ̀ gbogbo ìdíje náà, ipò 11 ló parí sí, kò gba wúrà, kò gba fàdákà. Wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Pierre de Coubertin, àwọn èèyàn sì máa ń fẹ́ràn láti sọ ìyẹn. Èmi ò ka àmì-ẹ̀yẹ yẹn sí bí mo ṣe ka ipò kejì yẹn sí. Àmì-ẹ̀yẹ, oore ọ̀fẹ́ ni. Ipò kejì, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí bọ̀dá mi lórí WhatsApp, ti Lemieux àti ti Langstone. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi jù mí lọ. Kò pẹ́ tí fóònù fi dún.

"Àbúrò, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Bọ̀dá. Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ó dáa. Ọkùnrin Kánádà yẹn, ọjọ́ mélòó ló lò látìmọ́lé?"

Mi ò lè fèsì. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọn ò wá rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mọ ìtàn bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ n fi ẹnu kàn án. Ní ọdún díẹ̀ kí n tó kúrò nílé, wọ́n ń wakọ̀ fún ilé iṣẹ́ kan tó ń kó ọjà ká Èkó. Ní ìdájí ọjọ́ kan ní títì Ìkòròdú, mọ́tò kan gbá ọlọ́kadà, ó sì sá lọ. Ọmọkùnrin tí ọ̀kadà gbé wà nílẹ̀. Àwọn èèyàn dúró, wọ́n ń fi fóònù ya fọ́tò. Bọ̀dá mi gbé ọmọ náà sórí àwọn páálí ọjà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, wọ́n gbé e lọ ilé ìwòsàn kan. Àwọn yẹn ní kí ẹni tó gbé e wá san owó kí àwọn tó fọwọ́ kàn án. Bọ̀dá mi san owó tí ìyàwó wọn ní kí wọ́n fi san owó ilé ìwé. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ bọ̀dá mi, ẹ̀jẹ̀ wà nínú bọ́ọ̀sì, kò sì sí ẹlòmíì níbẹ̀ tí wọ́n lè mú. Òru mẹ́rin ni bọ̀dá mi sùn lórí sìmẹ́ǹtì. Ọjọ́ kẹrin lọmọ náà tó lajú, tó sọ fún ìyá rẹ̀ pé kì í ṣe ẹni yìí. Ìyá náà sáré wá sí àgọ́, ó kúnlẹ̀ fún bọ̀dá mi níwájú gbogbo èèyàn. Nígbà tí wọ́n fi dé ibi iṣẹ́, ẹlòmíràn ti ń wa bọ́ọ̀sì.

Bọ̀dá mi kì í sọ ọ́ bí ẹni ń ráhùn. Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni ń ka iye tí tòmátì jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mọ́tò wíwà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ, kí wọ́n tó kọ́ ọ ní jíà, ni pé tó bá rí ẹni tó ṣubú sójú títì, kó pe 112 tàbí 767, kó sì máa lọ. Kó má dúró. Ọmọ yẹn ló sọ fún mi. Ó ní, "Àǹtí, ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí?" Ìdí tí mo fi fi ìtàn Lemieux ránṣẹ́ gan-an nìyẹn, mo fẹ́ kí bàbá rẹ̀ kà á.

"Eré ni," Bọ̀dá mi wí. "Kí lọkùnrin yẹn fẹ́ pàdánù? Eré ọjọ́ kan. Tó bá jẹ́ ibi tí owó gidi wà ni, wọn ò ní yà."

Mo wá sọ ti Vendée Globe fún wọn. Láti ọdún 1989 ni ìdíje yìí ti wà. Ní báyìí, ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe é. Ẹnì kan ṣoṣo á wọ ọkọ̀ ìgbòkun ní Les Sables-d'Olonne ní ilẹ̀ Faransé, á yí gbogbo ayé po, ó ju kìlómítà 40,000 lọ, láìdúró níbì kankan, láìgba ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, á sì padà síbi tó ti gbéra. Owó ńlá ló wà nídìí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ló ń ra àwọn ọkọ̀ náà, orúkọ ilé iṣẹ́ ni wọ́n sì ń kọ sí wọn lára. Ẹ gbọ́ nǹkan tó jọ mí lójú: òfin ò jẹ́ kí o gba ìrànlọ́wọ́, tí o bá gbà á, o ti jáde nínú ìdíje, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ ṣe é fún ẹlòmíì.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2020, ọkọ̀ Kevin Escoffier, tí wọ́n ń pè ní PRB, ṣẹ́ sí méjì lórí ìgbì ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà. Ó bọ́ sínú ọkọ̀ rọ́bà kékeré tí wọ́n fi ń sá àsálà. Àwọn tó ń darí ìdíje ké sí àwọn tó wà nítòsí pé kí wọ́n yà. Jean Le Cam, ẹni ọdún 61, ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó rí Escoffier, ìgbì tún gbé e pa mọ́ ọn lójú. Ilẹ̀ ṣú. Lóru ló tún rí ìmọ́lẹ̀ kékeré kan láàárín ìgbì, ó sì fà á wọlé, lẹ́yìn tí Escoffier ti lo ju wákàtí 11 lọ nínú rọ́bà. Yannick Bestaven àti Boris Herrmann náà ti yà, àwọn náà ń wá a kiri nínú òkùnkùn. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n sì ṣírò ohun tí olúkúlùkù pàdánù: Le Cam, wákàtí 16 àti ìṣẹ́jú 15, Bestaven, wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 15, Herrmann, wákàtí 6. Nígbà tí wọ́n fi padà délé ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2021, Charlie Dalin ló kọ́kọ́ la ìlà kọjá. Bestaven ló ṣìkẹta. Àmọ́ nígbà tí wọ́n yọ wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 15 yẹn kúrò nínú àkókò rẹ̀, òun ló borí gbogbo ayé, ó fi nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀ ju Dalin lọ.

"Dalin gbà?" Ohùn bọ̀dá mi ti yí padà díẹ̀.

"Èsì náà dúró, Bọ̀dá. Òun ni wọ́n kọ sí ipò kejì."

"Ọlọ́kàn ni."

Mo tún fi ọ̀kan lé e. Le Cam tó gba Escoffier là yìí, òun fúnra rẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀ tó dojú dé rí, nítòsí Cape Horn, ní oṣù kìíní ọdún 2009. Vincent Riou ló wá yọ ọ́. Ọkọ̀ tí Riou ń wà nígbà yẹn, PRB lórúkọ rẹ̀, ti ilé iṣẹ́ kan náà tó ni ọkọ̀ tí Escoffier wà lọ́dún 2020. Ibi tí Riou ti ń yọ Le Cam ni ọkọ̀ tirẹ̀ ti fara pa, òpó rẹ̀ wó lulẹ̀ lẹ́yìn náà, ìdíje tirẹ̀ parí síbẹ̀. Kò parí eré, síbẹ̀ wọ́n kọ ipò kẹta tó wà tẹ́lẹ̀ fún un, tí òun àti ẹlòmíì jọ pín.

Bọ̀dá mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Wọ́n wá ní, "Bàbá náà ṣe é rí. O ti kéré jù láti rántí."

Mi ò gbọ́ ọ rí. Wọ́n ní ní ọdún kan, Bàbá ń kó ẹja gbígbẹ lọ sí Ẹbúté Èrò, ìgbòkun ti gba afẹ́fẹ́ dáadáa, wọ́n bá rí ọkọ̀ kan tó rì nítòsí Ìkòròdú, àwọn obìnrin mẹ́ta di igbá mú lójú omi. Bàbá wó ìgbòkun lulẹ̀. Kí wọ́n tó kó àwọn obìnrin náà, kí wọ́n tó gbé wọn dé etí omi, ọjọ́ ti lọ, afẹ́fẹ́ ti kú. Wọ́n bá ọjà ní títú. Ẹja ti ọjọ́ náà, owó ẹ̀dínwó ni wọ́n tà á. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ṣèpàdé ní Ẹ̀pẹ́, kò sẹ́ni tó gbàdúrà gùn fún Bàbá. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, ọkọ̀ Bàbá ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní tọ́ọ̀nù, kó kó ẹrù kó sì lọ kí ẹlòmíràn tó kó. Wọn ò sì gba owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù yẹn.

"Bọ̀dá, ìyẹn ni mò ń sọ láti àárọ̀!"

"Mo mọ̀. Mi ò sọ pé kò dáa. Mo ní, títì Ìkòròdú, ta ni ẹgbẹ́ ibẹ̀?"

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ro ìbéèrè yìí. Kì í ṣe pé a ò ní òfin. Òfin ètò ìlera orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn ò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2017 lórí àwọn tí ìbọn bá bà tilẹ̀ dárúkọ ẹni tó gbé wọn wá, ó ní kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún un, kí wọ́n má da ìbéèrè tó ń dójú tini bò ó. Ẹni tí ìbọn bà nìyẹn o. Mọ́tò ló gbá ọmọ tí bọ̀dá mi gbé. Àwọn òfin wọ̀nyí dáa, mi ò kẹ́gàn wọn. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ká má fìyà jẹ aṣoore. Ìyẹn ò tíì dé ibi tí àwọn ọlọ́kọ̀ Ẹ̀pẹ́ dé, níbi tí ẹnì kan ti ṣí ìwé, tó bèèrè pé kí ni èyí ná ọ, tó sì san án. A fẹ́ràn láti máa wàásù fún àwọn èèyàn pé wọn ò láàánú mọ́, pé ayé ti bàjẹ́, pé fóònù ti gba ọkàn wọn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bọ̀dá mi láàánú. Àánú ló ná wọn ní iṣẹ́ wọn. Àwọn tó wà ní títì Ìkòròdú tí wọ́n ń ya fọ́tò, ìṣirò ni wọ́n ń ṣe, ìṣirò wọn sì pé.

Òdìkejì rẹ̀ ni ti Màmá. Mo bi wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ pé, nígbà tí ọkọ̀ ọ̀hún dojú dé, kí ló wá sí wọn lọ́kàn, torí wọn ò ro ipò kẹta wa lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n wò mí bíi pé ìbéèrè mi ò yé wọn. Wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ rò sí? Ipò wa ṣáà wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní gbé e lọ.

Mo sọ èyí náà fún bọ̀dá mi ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó kọjá. Ọmọ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ti gba ìwé ìwakọ̀ báyìí. Mo bi wọ́n pé ká ní ẹgbẹ́ kan wà lóòótọ́, tó jókòó sídìí tábìlì, tó ní kí Bọ̀dá wí, kí ni wọ́n á ní kí wọ́n dá padà fún wọn.

"Ṣé owó ilé ìwé yẹn ni?"

"Owó ti lọ. A san án."

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Ibi tí mo wà báyìí dáa jù ú lọ."

"Kí wá ni, Bọ̀dá?"

Wọ́n ní ìwé kan wà ní àgọ́ yẹn, ìwé ńlá tó ní ẹ̀yìn páálí. Wọ́n ní orúkọ àwọn wà níbẹ̀, tí ọlọ́pàá fi bírò kọ afurasí sí iwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, nígbà tí wọ́n ń dá bẹ́líìtì padà fún wọn, wọ́n bẹ ọlọ́pàá tó wà lórí káńtà pé kó fi ìlà kan sí ìsàlẹ̀ pé èyí ló gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọlọ́pàá náà ò bínú. Ó ní kí Bọ̀dá padà wá lọ́jọ́ Ajé, ẹni tó ń kọ ìwé náà ò sí níbẹ̀.